Yìnyín, Ẹ̀rọ tàbí Dídì: Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà tí A Fi Ń Tọ́jú Ẹ̀yà Ara Kí Wọ́n Tó Fi Í Sí Ara Ẹlòmíràn

Bí àwọn oníṣẹ́ abẹ bá ti yọ ọkàn kúrò lára ẹni tó fi ẹ̀yà ara rẹ̀ tọrẹ, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà péré ni ọkàn náà lè lò lórí yìnyín kí ó tó di dandan pé kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àyà ẹlòmíràn. Ẹ̀dọ̀fóró kò fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ, ẹ̀dọ̀ lè tó wákàtí méjìlá, kíndìnrín nìkan ló ní sùúrù díẹ̀, nítorí pé ó lè fara da ọjọ́ kan gbáko tàbí ọjọ́ kan ààbọ̀. Abẹ́ àwọn wákàtí wọ̀nyí ni gbogbo ètò ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara ní àgbáyé ti ń sáré. Àwọn ló fà á tí ọkọ̀ òfuurufú fi ń gbéra lóru, tí wọ́n fi ń jí aláìsàn lójú oorun pé kó máa bọ̀ kíákíá, tí ọ̀pọ̀ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tí ẹbí olóògbé ti yọ̀ǹda tọkàntọkàn fi ń ṣòfò láìrí ẹni tí wọ́n yóò lò ó fún lásìkò.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti fi kún àkókò yìí. Èkínní ni yìnyín, tó ti wà láti ìgbà pípẹ́. Èkejì ni ẹ̀rọ tí ń mú kí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn nínú ẹ̀yà ara náà lẹ́yìn tó ti kúrò lára ẹni tó ni ín. Ẹ̀kẹta ni kí a mú un lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, kí a fi í pamọ́ fún oṣù tàbí ọdún, kí a sì jí i padà lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ilé ìwòsàn ń lò lónìí. Yàrá ìwádìí ni ẹ̀kẹta ṣì wà, bẹ́ẹ̀ òun ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Mo kọ ìfiwéra yìí fún ẹni tí ẹbí rẹ̀ ń dúró de ẹ̀dọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, tí dókítà sì bi í bóyá yóò gba èyí tó ti orí ẹ̀rọ wá. Mo kọ ọ́ fún ẹni tó ń gbèrò láti dá ẹ̀ka ìpààrọ̀ kíndìnrín sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn nílé níbí. Mo sì kọ ọ́ fún ẹni tó ti gbọ́ pé àwọn òyìnbó ti ń kó kíndìnrín pamọ́ sínú fírísà, tó sì fẹ́ mọ ibi tí òtítọ́ mọ.

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé èwo ló ń pẹ́ jù. Èmi kò gbà pé òun ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ wádìí ni bí ọ̀nà ṣe jìn tó láàárín ẹni tó fi ẹ̀yà ara sílẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ gbà á, bóyá ara ẹ̀yà náà le tàbí ó ti rẹ̀, àti bóyá ó pọn dandan kí a dán an wò kí a tó gbé e sí ara ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò rí i pé ọ̀nà tó ń pẹ́ jù kì í sábà jẹ́ ọ̀nà tó yẹ òun.

Yìnyín: a kò gbọ́dọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀

Bí wọ́n bá ti yọ kíndìnrín, wọn a gbé e sínú abọ́ tí yìnyín lílọ̀ wà nínú rẹ̀, wọn a ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn a sì jẹ́ kí omi ìtọ́jú tútù máa sọ̀kalẹ̀ láti inú àpò tí wọ́n gbé kọ́ sókè. Omi tó ń jáde ní òdì kejì a kọ́kọ́ pọ́n, a wá máa ṣì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ́ gaara. Kíndìnrín tó pọ́n dúdú nígbà tó kúrò nínú ikùn a sì di aláwọ̀ eérú pátápátá. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé e sínú àpò ọ̀rá aláìlẹ́gbin mẹ́ta, tí ọ̀kan wà nínú òmíràn, tí wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà tó kún fún yìnyín. Ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan yìnyín ní tààrà, nítorí pé ibi tó bá dì lára rẹ̀, ibẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní ìwọ̀n 4°C, iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe máa ń dín kù dé bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó ń ṣe nínú ara tó móoru, ọ́síjìn àti oúnjẹ tó ń béèrè a sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ òtútù nìkan kò tó. Bí sẹ́ẹ̀lì bá tutù, àwọn ohun tí ń lé iyọ̀ jáde lára rẹ̀ a dáwọ́ dúró, omi a bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, sẹ́ẹ̀lì a sì wú. Ìdí nìyẹn tí omi ìtọ́jú fi ṣe pàtàkì ju yìnyín fúnra rẹ̀ lọ. Geoffrey Collins gbé omi tirẹ̀ jáde lọ́dún 1969, kíndìnrín sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lórí yìnyín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, Folkert Belzer àti James Southard ní Yunifásítì Wisconsin po òmíràn tí gbogbo ayé ń pè ní UW, tí díẹ̀ nínú àwọn èròjà rẹ̀ tóbi ju ohun tó lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ, tó fi jẹ́ pé ìta ni wọ́n ń dúró sí tí wọ́n ń fa omi mọ́ra. UW yìí ló mú kí ó rọrùn láti gbé ẹ̀dọ̀ láti ìlú kan dé ìlú mìíràn láìsáré àsápajúdé.

Àǹfààní yìnyín pọ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Kò nílò iná mànàmáná lójú ọ̀nà, kò sì sí ohun tí NEPA lè fi í ṣe. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kọ́ dáadáa lè ṣe é. Kò sí ẹ̀rọ tí yóò daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín títì. Àléébù rẹ̀ ni pé a kò mọ ohun tó ń lọ nínú kúlà. Kò sí ọ́síjìn tó ń wọlé, ohun ẹ̀gbin ń kó jọ, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹni tuntun bá sì ya wọ inú ẹ̀yà ara náà lẹ́ẹ̀kan náà, ìbàjẹ́ tuntun ni yóò kọ́kọ́ fà. Kò sì sí ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ bóyá yóò ṣiṣẹ́ àfi ìgbà tí a bá tó so ó mọ́ aláìsàn. Kíndìnrín ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le lè fara da gbogbo èyí. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti pọ̀ lára rẹ̀, tàbí èyí tó wá lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ dúró kí wọ́n tó yọ ọ́, kì í sábà fara dà á.

Ti ẹ̀dọ̀fóró yàtọ̀ díẹ̀. Ní Toronto, Marcelo Cypel, Shaf Keshavjee àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn rí i pé bí a bá tọ́jú ẹ̀dọ̀fóró sí ìwọ̀n 10°C dípò 4°C, ó lè dúró mọ́jú kí iṣẹ́ abẹ wá wáyé lówùúrọ̀, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti sùn tí wọ́n sì ti jí. Ohun èlò tó gbà kò ju fíríìjì tí òtútù rẹ̀ dúró sójú kan lọ. Nínú gbogbo ohun tuntun tó ti yọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló wù mí jù, nítorí pé ìwọ̀nba owó ló gbà, àǹfààní rẹ̀ sì hàn gbangba.

Ẹ̀rọ tútù àti ẹ̀rọ gbígbóná

Ẹ̀rọ kì í ṣe ohun àná. Lọ́dún 1967, Belzer tí a ti dárúkọ yìí, nígbà tó ṣì wà ní San Francisco, pààrọ̀ kíndìnrín tó ti lo wákàtí mẹ́tàdínlógún lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí omi ìtọ́jú tó dára dé, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn pa ẹ̀rọ tì. Ohun tó dá wọn padà sídìí rẹ̀ ni pé àwọn olùtọrẹ òde òní ti dàgbà ju ti àtijọ́ lọ, ara wọn kò sì le tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rọ tútù ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òun náà ń lo òtútù bíi ti yìnyín, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kan ń ti omi ìtọ́jú gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ kọjá láìdáwọ́ dúró. Fún kíndìnrín, ìwádìí tí mo máa ń tọ́ka sí ni èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2009, tí wọ́n ṣe ní Netherlands, Belgium àti Jámánì. Wọ́n mú kíndìnrín méjèèjì olùtọrẹ kan náà, wọ́n gbé ọ̀kan sórí yìnyín, wọ́n gbé èkejì sórí ẹ̀rọ, kò sì sí ìfiwéra tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùtọrẹ 336 ni wọ́n lò. Nínú àwọn tó gba kíndìnrín orí yìnyín, ìdá 26.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni kíndìnrín wọn kò tètè ṣiṣẹ́, tí wọ́n ṣì ní láti máa fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nínú àwọn tó gba ti orí ẹ̀rọ, ìdá 20.8 ni. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe òkè ńlá, àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kò ní kà á sí kékeré.

Fún ẹ̀dọ̀, wọ́n fi ọ́síjìn kún omi tútù náà. Ní ọdún 2021, àwọn oníṣègùn tí Groningen jẹ́ ibùdó wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀dọ̀ 156 tó wá lára àwọn tí ọkàn wọn ti dúró. Ìṣòro tó ń ba irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé ọ̀nà òróòro inú rẹ̀ máa ń há lẹ́yìn oṣù díẹ̀, aláìsàn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lójú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni èyí ṣẹlẹ̀ sí lára àwọn ti orí yìnyín. Wákàtí méjì péré lórí ẹ̀rọ tútù alọ́síjìn, kí wọ́n tó so ẹ̀dọ̀ náà mọ́ra, mú un wá sí ìdá 6. Ẹ kíyè sí i pé orí yìnyín náà ni wọ́n fi gbé ẹ̀dọ̀ yẹn rìn. Ó di ilé ìwòsàn kí ó tó gun orí ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ gbígbóná ń lo ìlànà mìíràn pátápátá. Ìwọ̀n 37°C ni, ẹ̀jẹ̀ gidi ni ó ń gba inú ẹ̀yà ara náà kọjá, pẹ̀lú ọ́síjìn, ṣúgà àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Peter Friend tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ àti Constantin Coussios tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní Oxford ló wà nídìí èyí tí wọ́n ń lò fún ẹ̀dọ̀, lọ́dún 2013 ni wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn, ní King's College Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀dọ̀ tó ti di aláwọ̀ eérú a padà pọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ inú rẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n so mọ́ ọ̀nà òróòro, òróòro a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán jáde níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Láti wákàtí dé wákàtí, wọn a máa fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti wo iye lactate inú rẹ̀, ìyẹn ohun kíkan tí sẹ́ẹ̀lì máa ń tú jáde nígbà tí ọ́síjìn kò bá tó o: ẹ̀dọ̀ tó wà láàyè a máa pa á rẹ́, iye rẹ̀ a sì máa lọ sílẹ̀, bí kò bá lọ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má lo òun. Nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2018 lórí ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀ 220, iye ẹ̀dọ̀ tí wọ́n gbé jù nù fi ìdajì dín kù ní ti orí ẹ̀rọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò tí wọ́n fi tọ́jú wọn gùn ju ti orí yìnyín lọ ní ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún.

Fún ọkàn, ẹ̀rọ gbígbóná ti ṣe ohun tí yìnyín nìkan kò rí ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkàn tó ti dúró lára olóògbé ni àwọn oníṣẹ́ abẹ kì í fẹ́ kàn gbé sórí yìnyín kí wọ́n sì gbà á gbọ́. Orí ẹ̀rọ ni ó ti ń tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù, tí àwọn dókítà sì ń fi ojú ara wọn rí i. St Vincent's Hospital ní Sydney ló kọ́kọ́ lò ó bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2014, ilé ìwòsàn Papworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2015. Ní Zurich, ọ̀wọ́ àwọn oníṣègùn tí Pierre-Alain Clavien ṣáájú wọn gbé ẹ̀dọ̀ kan tí àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ti kọ̀ sórí ẹ̀rọ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì fi í sí ara aláìsàn kan ní oṣù Èbìbì ọdún 2021. Lẹ́yìn ọdún kan, aláìsàn náà ṣì wà láàyè tó ń ṣe dáadáa. Lójú tèmi, ọjọ́ mẹ́ta yìí tóbi ju bó ṣe dún létí lọ, torí pé ó sọ ẹ̀rọ di ibi tí a ti lè wo ẹ̀dọ̀ sàn kí a tó gbé e fún ẹlòmíràn.

Bí a bá wá fi ẹ̀rọ méjèèjì wé ara wọn, ìbéèrè tó ṣe kókó ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀rọ bá kú. Bí pọ́ǹpù ẹ̀rọ tútù bá dúró, ẹ̀yà ara náà ṣì wà nínú òtútù, ohun tó bù kù lára rẹ̀ kò ju pé ó padà sí ipò ti orí yìnyín. Bí ti ẹ̀rọ gbígbóná bá dúró, ẹ̀yà ara tó ń mí tó sì ń jẹun ni ọ́síjìn wọ́n fún lójijì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì ní. Ẹ̀rọ gbígbóná ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí ẹlòmíràn tọrẹ, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru, owó tó ń ná lórí ẹ̀yà ara kan sì fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju ti kúlà lọ. Mo gbà pé ẹ̀rọ tútù alọ́síjìn ló yẹ kí ilé ìwòsàn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ rà, àyàfi bó bá jẹ́ ọkàn ni iṣẹ́ rẹ̀, tàbí bó bá jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ tó ń wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a lè lò láìdán wò.

Dídì

Ẹni tó bá ti gbé tòmátì sínú fírísà mọ́jú ti mọ ìdí tí odindi ẹ̀yà ara kò fi ṣeé kàn gbé sínú òtútù líle. Ó le gbagidi nígbà tó dì, ṣùgbọ́n bó bá yọ́, omi á dà sílẹ̀, ara rẹ̀ á sì rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Omi máa ń fi bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i nígbà tó bá di yìnyín. Bí òtútù bá rọra wọlé, ìta sẹ́ẹ̀lì ni yìnyín ti kọ́kọ́ ń hù, iyọ̀ tó kù sínú omi ìta a le sí i, a sì fa omi jáde lára sẹ́ẹ̀lì títí yóò fi hunjọ. Bí òtútù bá yára, inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni yìnyín yóò ti hù. Peter Mazur ló la àbá yìí sílẹ̀ kedere ní ọdún 1972, ohun tó sì fà yọ ni pé irú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìyára tirẹ̀. Kíndìnrín ní oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì, kò sì sí ìyára kan tó tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn, ká tó wá sọ ti àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tí yìnyín ń fà ya.

Èyí kò sọ pé dídì kò ṣiṣẹ́ fún ohunkóhun. Láti ọdún 1949 tí Christopher Polge, Audrey Smith àti Alan Parkes ti rí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé glycerol, omi kíki kan tó dùn, ń dáàbò bo àtọ̀ àkùkọ nínú òtútù, dídì ti di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Àtọ̀, ẹyin obìnrin àti ọlẹ̀ ń bẹ nínú nítírójìn olómi ní ìwọ̀n −196°C ní àwọn ilé ìwòsàn ìbímọ káàkiri ayé, ti Èkó pẹ̀lú. Àwọn ìlẹ̀kùn inú ọkàn tí wọ́n yọ lára olóògbé náà ń di, wọ́n sì ń lò wọ́n. Ìyàtọ̀ ni pé ohun kékeré ni ìwọ̀nyí: oògùn ìdáàbòbò a tètè wọ̀ wọ́n, a sì tètè jáde; bí ìdajì àtọ̀ bá tilẹ̀ kú, èyí tó kù tó. Bí ìdajì kíndìnrín bá kú, kò sí kíndìnrín mọ́.

Ọ̀nà méjì ni àwọn olùwádìí ń gbà. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀yà ara wà ní ìsàlẹ̀ òdo láìjẹ́ kí ó dì. Ní Massachusetts General Hospital ní Boston, ọ̀wọ́ Korkut Uygun àti Mehmet Toner tọ́jú ẹ̀dọ̀ eku sí ìwọ̀n −6°C lọ́dún 2014 fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, àwọn eku tó gba ti ọjọ́ mẹ́ta sì yè. Lọ́dún 2019, wọ́n gbé ẹ̀dọ̀ ènìyàn tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ fún ìpààrọ̀ lọ sí −4°C, wọ́n sì fi wákàtí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kún àkókò rẹ̀. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti dán wọn wò lẹ́yìn náà. Wọn kò fi wọ́n sí ara ẹnikẹ́ni. Àkèré kan tó ń gbé inú igbó Amẹ́ríkà Àríwá títí dé Alaska wà lára ohun tó ń ta wọ́n jí: ẹ̀dọ̀ rẹ̀ a tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà òtútù, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta omi ara rẹ̀ a sì di yìnyín, ọkàn rẹ̀ a dúró, nígbà tí ooru bá dé a tún máa fò lọ.

Ọ̀nà kejì ni ìsọdi-gíláàsì. Níhìn-ín, wọ́n a fi oògùn adènà-yìnyín rọ́pò púpọ̀ nínú omi ara ẹ̀yà náà, wọ́n a sì mú un tutù kíákíá dé ibi tí omi tó kù yóò fi le gan-an bíi gíláàsì láìhu yìnyín kankan, ní ìsàlẹ̀ −120°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ipò yẹn, ohunkóhun kò ń yí padà mọ́, ọdún kan àti ọdún mẹ́wàá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọdún 1985 ni William Rall àti Gregory Fahy ti ṣe é fún ọlẹ̀ eku. Fahy kan náà, ní ilé-iṣẹ́ 21st Century Medicine ní California, ló sọ kíndìnrín ehoro kan di gíláàsì tó sì pààrọ̀ rẹ̀. Ehoro náà gbé ọjọ́ méjìdínláàádọ́ta pẹ̀lú kíndìnrín yẹn nìkan, gẹ́gẹ́ bí ìwé tó jáde lọ́dún 2009 ṣe sọ. Ehoro kan ṣoṣo ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìròyìn kì í sọ ni pé mímú un tutù kọ́ ni iṣẹ́ tó le jù, bí kò ṣe mímú un gbóná padà. Bí a bá rọra yọ́ ọ láti ìta, yìnyín yóò ráyè hù lójú ọ̀nà àbọ̀; bí ìta bá gbóná tí inú ṣì tutù, ẹ̀yà ara yóò sán. Ọ̀nà tí John Bischof àti Erik Finger gbà ní Yunifásítì Minnesota ni pé wọ́n fi eruku irin tín-ín-tín sínú omi tí wọ́n gbà kọjá nínú òpó ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó mú un tutù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jí i, wọ́n gbé e sí àárín wáyà tí wọ́n wé róbótó, tí agbára òòfà rẹ̀ ń yí padà lọ́nà tó yára gan-an. Gbogbo eruku náà gbóná lẹ́ẹ̀kan náà, láti inú dé ìta, kíndìnrín sì ti −150°C dé òkè òdo láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n wá fọ oògùn àti eruku jáde. Lọ́dún 2023, wọ́n ròyìn eku márùn-ún tó gba kíndìnrín tí wọ́n ti fi pamọ́ báyìí, òmíràn nínú wọn fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Àwọn kíndìnrín náà rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, àwọn eku náà sì pé ọgbọ̀n ọjọ́ láìní kíndìnrín mìíràn.

Kíndìnrín eku kò wúwo ju bíi gíráàmù kan tàbí díẹ̀ lé ní i lọ. Ti ènìyàn tó gíráàmù 150. Bí ohun bá ṣe tóbi tó ni òtútù ṣe ń pẹ́ dé àárín rẹ̀ tó, ni oògùn ṣe ń pẹ́ lára rẹ̀ tó, oògùn náà sì jẹ́ májèlé bó bá pẹ́. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, kò tíì sí odindi kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn tí wọ́n sọ di gíláàsì tí wọ́n sì fi sí ara aláìsàn. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun ní kíndìnrín nínú fírísà níbì kan tí òun fẹ́ tà, irọ́ ni ó ń pa, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀. Èrò mi ni pé kíndìnrín ni yóò kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, nítorí pé òun nìkan ni aláìsàn lè fi ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ dúró dè fún ọ̀sẹ̀ méjì bí kò bá tètè jí. Ẹni tí ọkàn tuntun rẹ̀ kò bá jí lọ́jọ́ kìíní, agbára káká ni yóò fi rí ọjọ́ kejì.

Èwo fún ta ni?

Nílé níbí, ìdáhùn rọrùn ju bí a ṣe rò lọ. Láti ìgbà tí St. Nicholas Hospital ní Èkó ti ṣe ìpààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 2000, tí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2002, ara ẹni tó wà láàyè ni kíndìnrín ti ń wá, tó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyá tàbí ọkọ. Yàrá iṣẹ́ abẹ kan ni wọ́n ti ń gbé e lọ sí èkejì nínú ilé kan náà. Fún irú iṣẹ́ yìí, abọ́ yìnyín àti omi ìtọ́jú tó dára ti tó, ẹ̀rọ kò ní fi ohunkóhun kún un. Bí ẹnìkan bá ní owó ẹ̀rọ lọ́wọ́, mo rò pé kí ó fi ra ohun èlò yàrá àyẹ̀wò tí a fi ń mọ̀ bóyá ara aláìsàn yóò gba kíndìnrín yẹn, kí ó sì fi èyí tó kù ṣe owó oògùn tí aláìsàn yóò máa lò títí ayé, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kíndìnrín ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Òfin ìlera ọdún 2014 ti sọ̀rọ̀ nípa gbígba ẹ̀yà ara lára olóògbé. Lọ́jọ́ tí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá gbéra ní tòótọ́, tí kíndìnrín yóò máa ti Ìbàdàn lọ sí Èkó tàbí sí Àbújá, kúlà ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ tútù tẹ̀ lé e nígbà tí a bá ti rí i pé ojú ọ̀nà ń pa wákàtí jẹ.

Ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà, aláìsàn kì í yan ọ̀nà ìtọ́jú fúnra rẹ̀, àmọ́ ó lè gbà tàbí kọ ẹ̀yà ara tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́. Àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ ń pẹ́ lórí àtòkọ kíndìnrín ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, nítorí pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ àti ara wọn bá tiwa mu kò pọ̀ láàárín àwọn olùtọrẹ. Ẹ má ṣe kọ kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ kìkì nítorí pé ó ti orí ẹ̀rọ wá tàbí nítorí pé ilé ìwòsàn mìíràn ti kọ̀ ọ́ ṣáájú. Ẹ bèèrè bí ó ti pẹ́ tó tí ẹ̀jẹ̀ fi dúró kí wọ́n tó yọ ọ́, iye wákàtí tó lò lórí yìnyín kí ó tó gun ẹ̀rọ, àti ohun tí wọ́n rí lórí ẹ̀rọ náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀, tí wọ́n sì sọ pé lactate ti lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, tí òróòro sì ń jáde, ó ti yege ìdánwò tí ẹ̀dọ̀ orí yìnyín kò láǹfààní láti ṣe. Kí aláìsàn yín má fi oúnjẹ kan ẹnu mọ́, kí ó kó ìwé àti oògùn rẹ̀ jọ, kí ó sì máa lọ.